Lẹ́ńsì Méjì, Yàrá Bàbá

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta

Mo gba lẹ́ńsì méjì wálé lọ́wọ́ Gíláàsì-Méjì, ọkùnrin tó ń ta kámẹ́rà àlòkù. Ó ní kí n dán wọn wò, kí n dá èyí tí mi ò bá fẹ́ padà. Ìkan ń ríran gbòòrò, ìkejì gbòòrò jù ú lọ. Mo ti sọ wọ́n lórúkọ: Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì àti Ojúkòkòrò.

Èyí tí mo ní tẹ́lẹ̀ ò wúlò nínú yàrá Bàbá mi. Bí mo tilẹ̀ fẹ̀yìn ti kọ́bọ́ọ̀dù, orí àti àyà nìkan ló ń mú. Bàbá lódindi ni mo fẹ́ — bẹ́ẹ̀dì, ìrọ̀rí, bàtà wọn nílẹ̀. Kí wọ́n sì rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Dókítà ò fi bò: Bàbá ò ní pẹ́ mọ́ láyé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo wẹ Bàbá, mo fún wọn lóògùn, mo pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n dúpẹ́ — orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fi pè mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Kámẹ́rà yìí, oníwàkuwà ni. Ojú tí èèyàn fi ń wò nínú ẹ̀ kọ́ ló fi ń ya àwòrán. Lẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan ní gíláàsì kékeré tiẹ̀ tí a ń fi há orí kámẹ́rà. Inú ẹ̀ la ti ń wo ibi tí àwòrán máa mọ. Bí o bá pààrọ̀ lẹ́ńsì, pààrọ̀ gíláàsì. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lánàá mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo fi méjèèjì ya yàrá wò, mo fọ fíìmù ẹ̀: Ojúkòkòrò kó gbogbo yàrá — ògiri méjèèjì, ilẹ̀kùn, eruku abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ohun tó bá wà létí á fẹ̀ gbẹ̀ẹ̀rẹ̀. Ìrọ̀rí di àpò sìmẹ́ńtì. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì níwà, àmọ́ ó gé bàtà Bàbá dànù. Mo fẹ́ bàtà yẹn. Ojúkòkòrò náà ni, kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ẹ̀gbọ́n mi pè. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Àlejò Pàtàkì! Látìgbà tí Bàbá ti dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tẹ ilé yìí. Tí mo bá wà níwájú ẹ̀, “ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́” ni. Nínú ìwé yìí, “ó” ló tọ́ sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Inú mi dùn! Inú mi dùn!

Ara Bàbá yá láàárọ̀. Mo gbé wọn jókòó, mo fá irùngbọ̀n wọn, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun fún wọn. Ojúkòkòrò ti wà lẹ́nu kámẹ́rà. Àlejò Pàtàkì bá wọlé, òun àti òórùn lọ́fínńdà. Ó ní kú iṣẹ́ o, àbúrò — bí ẹni ń kí olùtọ́jú tó gbà síṣẹ́. Ó lọ fara ti ilẹ̀kùn. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ àwòrán. Ó ní ibi tóun wà ò kan àwòrán kankan. Kò yẹsẹ̀.

Inú bí mi. Ó dáa, màá gé e dànù. Bàtà ìbáà bá a lọ. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni màá lò. Mo yọ gíláàsì orí kámẹ́rà, mo fi tìkejì há a. Mo wò ó: kò sílẹ̀kùn, kò sí Àlejò. Bàbá nìkan. Àfi bí wọ́n ṣe gbójú sókè tí wọ́n bú sẹ́rìn-ín, gbogbo eyín tó ṣẹ́kù hàn! Mo tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n sùn.

Èmi ni wọ́n rẹ́rìn-ín sí. Èmi tí mo dúró.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Bàbá ti lọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo fọ fíìmù. Mo gbé e sójú iná — yéè! Ilẹ̀kùn wà níbẹ̀. Bàtà wà níbẹ̀. Gíláàsì ni mo pààrọ̀, mi ò yọ lẹ́ńsì. Ẹ̀rín ò jẹ́ n rántí. Òmùgọ̀!

Ẹ̀gbọ́n mi wà létí àwòrán, ó fẹ̀ bí àpótí aṣọ. Ó dorí kodò, ó ń tẹ fóònù. Bàbá ń wò ó. Òun ni Bàbá ń rẹ́rìn-ín sí, kò sì gbójú sókè. Ẹ̀rín tí mo fi gbogbo ayé mi wá, ẹni tí wọ́n fún ò mọ̀ pé wọ́n fún òun. Ó dùn mí wọra.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Ẹ̀gbọ́n mi wá béèrè àwòrán Bàbá. Mo ti gé e kí n tó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà: ilẹ̀kùn lọ, fóònù lọ, òun náà lọ.

Ó wò ó títí, omi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní kí n wo bí Bàbá ṣe ń rẹ́rìn-ín sí mi. Pé láyé òun, Bàbá ò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ sóun rí. Fíìmù yẹn wà nínú dúrọ́ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi.

Ó tún sún mọ́ ọn. Ó ní ó jọ pé ẹ̀gbẹ́ kan ni ojú wọn wà. Kí ni wọ́n ń wò níbẹ̀?

Mo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀.