Inú Háàdì Dísìkì Kan Ni Mo Kó Méjèèjì Sí

Ẹ̀gbọ́n wa olóòtú ètò orí rédíò, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí o.

Bàbá mi máa ń ya fídíò, èmi ni mo máa ń bá a kó o sínú háàdì dísìkì méjì, kí ọ̀kan lè wà nílẹ̀ tí èkejì bá bàjẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ya baba arúgbó kan tó ń dágbére fún àwọn ọmọ rẹ̀ lórí ibùsùn àìsàn. Ó fi ìnagijẹ tó sọ mí bi mí pé, "Ìyá Oorun, ṣó o ti kó o síbi méjì?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ló bá pa ti inú kámẹ́rà rẹ́.

Irọ́ ni mo pa. Fódà méjì ni mo ṣe sínú háàdì kan ṣoṣo, mo wá kó fídíò kan náà sínú méjèèjì. Háàdì kejì wà nínú dúrọ́ọ̀, ó kàn sú mi láti dìde ni.

Lánàá, háàdì yẹn já bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, kò ṣí mọ́. Baba arúgbó yẹn sì ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wá gba fídíò lọ́jọ́ Ẹtì.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ló lè bá mi yọ fídíò náà jáde nínú háàdì yẹn?

Bàbá mi máa ń gbọ́ ètò yín tó bá ń ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá ka lẹ́tà yìí, á mọ̀ pé èmi ni. Ẹ ṣáà kà á. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ fún un.