Ẹ Má Tíì Pa Àgbò Náà

Bàbá Múrítàlá,

Ẹ má jẹ́ kí alápatà fọwọ́ kan àgbò yẹn lónìí. Ìsọmọlórúkọ kì í ṣe òní Àlàmísì mọ́, ọ̀la Jímọ̀ ni. Mo ti wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀kà, kí n lè bá àwọn àna wa nílé kí wọ́n tó gbéra wá sí Ìkàrẹ́.

Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ pe alápatà ni Ààfáà wọlé. Wọ́n bi mí pé ìgbà wo gan-an ni Memunat ìyàwó ọmọ wa bímọ ní Àlàmísì tó kọjá. Mo ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Mọ̀gàríbì tán ni, mo ṣì wà lórí ẹní nígbà tí nọ́ọ̀sì ké sí mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní oòrùn ti wọ̀ nìyẹn, ọmọ Jímọ̀ ni.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: ọjọ́ kì í yí padà àfi tí aago méjìlá òru bá lù. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ìwé ìbí. Ìrọ̀lẹ́ tí a bá rí oṣù Ààwẹ̀, ṣebí alẹ́ ọjọ́ náà là ń kírun àṣámù? Ta ló ń dúró de aago méjìlá?

Ẹ má bínú pé n kò dúró dè yín. Iyán yín wà nínú kúlà.

Ọmọ náà kò sì ní orúkọ títí di ọ̀la o. Ẹ yéé yọ́ lọ sídìí ibùsùn rẹ̀ láti máa pè é ní Suleiman bíi tiyín. Gbogbo ilé ló ń gbọ́.

Ìyá Múrítàlá