Ìgò Omi Bàbá Iwanaga

Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá
Hijiki ò sùn sílé. Ológbò tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, tí dókítà ní kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan iyọ̀, ló ń rìn gbéregbère káàkiri Nagasaki! Mo gun àtẹ̀gùn àdúgbò títí orúnkún mi fi kọ̀. Àwọn ẹyẹ ìwò ń fa àwọ̀n tí a fi bo ìdọ̀tí ya, bí ẹni pé ìgbìmọ̀ àdúgbò ló gbé iṣẹ́ náà fún wọn.

Ọba Ìgò wà níta — Bàbá Iwanaga, tó to ìgò omi yí òdòdó iwájú géètì rẹ̀ ká. Ó ní tí oòrùn bá ta sómi, ológbò á sá. Ta ló sọ fún un? Ológbò? Mo béèrè Hijiki. Ó ní òun ò rí i, àmọ́ bàtà mi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin
Kò wálé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún
Mo lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ òpó iná. Urakawa onígbàjámọ̀ ní ológbò náà sanra jù mí lọ. Ẹnu yẹn á kó bá a lọ́jọ́ kan.

Ẹtì, ọjọ́ keje
Ọba Ìgò ti kó ìgò wọlé, ó tò wọ́n sẹ́yìn géètì. Òdòdó wà níta láìní ẹ̀ṣọ́. Ó ti ń ṣarán. Ó tún ń ra ẹja gbígbẹ — òun tí kì í jẹun gidi látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án
Ilé dákẹ́ jù. Mo sunkún.

Ajé, ọjọ́ kẹwàá
Àwo Hijiki ni mò ń fọ̀ tó fi yé mi. Ìgò níta, kí ológbò má wọlé. Ìgò nínú — kí ológbò má jáde! Olè! Mo gun àtẹ̀gùn, orúnkún ò rántí kọ̀. Mo ṣí géètì láìkanlẹ̀kùn. Hijiki nà gbalaja lórí ìrọ̀rí, ẹja oníyọ̀ wà níwájú rẹ̀.

Bàbá Iwanaga ò jiyàn. "Ẹ má bínú, Ìyá Hijiki. Òun nìkan ló ń dá mi lóhùn nínú ilé yìí."

Mo ní ìgò rẹ̀ ò lè dá eku dúró. Mo pe Hijiki. Ó gba àárín ìgò kọjá wẹ́rẹ́, ó fi orí ra mí lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó tún gba àárín ìgò kọjá, ó lọ jókòó ti Ọba Ìgò.

Gbogbo èébú tí mo kó lọ, mo kó o padà wálé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá
Mo já àwòrán kúrò lára òpó. Mo gbé ẹja tí kò níyọ̀ lọ fún Hijiki nílé Ọba Ìgò. Mo bá a kó ìgò padà sídìí òdòdó. Ó ní kí n jókòó. Mo ní mi ò ní pẹ́. Ilẹ̀ ṣú kí n tó dìde. Hijiki ló sùn lé mi lẹ́sẹ̀. Nítorí Hijiki ni.