Bàbá Rẹ Nìkan Ló Wọ Ilé Ẹlẹ́dẹ̀

Khiêm ọmọ mi,

Èmi Lụa ìyá rẹ, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí, mi ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà má wulẹ̀ gbà mí ní ìkankan tí o bá ka ìwé yìí tán. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Hà Nội? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Kí àwọn baba wa má gbójú kúrò lára yín.

Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ti kú. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n, kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan.

Má sọ pé mi ò tẹ̀ lé ètò ọ̀sìn onílẹ̀kùn-títì tí o kọ́ mi. O ní kí àlejò má wọ ilé ẹlẹ́dẹ̀, mo tìlẹ̀kùn. O ní kí n máa ki ẹsẹ̀ bọ omi oògùn kí n tó wọlé, mo ń kì í bọ̀ ọ́ títí àtẹ́lẹsẹ̀ mi fi bó. Nhài tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa pàápàá, mi ò jẹ́ kó yọjú, ó wá ń sọ kiri pé ẹlẹ́dẹ̀ mi ti di ìyàwó ọba. Ojú kékeré tí o gbé kọ́ àjà ibẹ̀, tí o ní o fi ń wò wá láti Hà Nội ńkọ́, àràárọ̀ ni mò ń kí i, tí iná pupa rẹ̀ bá ti ṣẹ́jú, mo mọ̀ pé o ti dáhùn nìyẹn.

Ọjọ́ ìrántí ikú bàbá rẹ ló wá pé. Mo ra ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lọ́jà, mo sè é, mo gbé e síwájú àwòrán rẹ̀, mo tan tùràrí. Nígbà tó jẹ tirẹ̀ tán, mo da ìyókù àti omi tí mo fi fọ ẹran náà mọ́ oúnjẹ àwọn ẹlẹ́dẹ̀, bí òun náà ti máa ń ṣe nígbà ayé rẹ̀, kí wọ́n lè pín nínú ìbùkún. Àlejò lo ní kí n tì sóde. Bàbá rẹ kì í ṣe àlejò, òun ló mọ ògiri ibẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, wọn ò jẹun mọ́, etí wọn pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ dídì. Quyết, dókítà ẹran, gbé fọ́ọ̀mù dé, ó bi mí pé ta ló wọ ibẹ̀, mo ní kò sẹ́nì kan àfi ọkọ mi. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ibo lọkọ mi ti wá, mo ní láti ibojì ni, ó ti lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀. Ó gbé gègé rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá ní kí ni wọ́n jẹ, mo sọ fún un, ó ní ibà ẹlẹ́dẹ̀ ni, pé inú ẹran ọjà yẹn ló ti wá.

Àwọn èèyàn rẹ̀ gbẹ́ kòtò tí wọ́n máa sin wọ́n sí lẹ́yìn ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èyí tó lóyún ṣì ń mí nígbà tí wọ́n ń wọ́ ọ lọ. Mo kọjú sí ojú kékeré yẹn, mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta pé kí o ní kí wọ́n dúró. Iná náà ṣẹ́jú. Wọ́n wọ́ ọ dé kòtò.

Quyết ní ilé ẹlẹ́dẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ṣófo fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mò ń gbá a láràárọ̀. Má ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ yín, mi ò lè gbé ilé tí kò ní àgbàlá. Kí àwọn baba wa bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ.

Ọdún tí o wọ yunifásítì, abo ẹlẹ́dẹ̀ mi alámì dúdú ni mo tà, o sì fẹnu ara rẹ sọ pé wàá dá a padà. Ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Mi ò fẹ́ owó. Dá ẹlẹ́dẹ̀ mi padà.