Ìdí Tí Mo Fi Lóṣòó sí Etí Òkun

Leisongi, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́ láti erékùṣù wa, Tongoa. Ara wa le, ikọ́ ìyá rẹ ti lọ, iṣu wa sì ta dáadáa. Mo gbàdúrà pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín oore ní ìlú Vila, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé pé o wà níbẹ̀.

Ọmọbìnrin ayàwòrán kan, Nesa, wá bá Nọ́ọ̀sì Toara níbí. Ó ní òun fẹ́ yà wá káwọn èèyàn lè fi kọ́ nípa ìlera. Ó ní kí n lóṣòó, mo lóṣòó. Ó ní kí n fajú ro bí ẹni tí inú ń run, mo fajú ro. Mo rò pé báwọn èèyàn pàtàkì ṣe máa ń ṣe fún àwòrán nìyẹn.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi kó àwọn àwòrán náà dé, èmi ni mo tóbi jù níbẹ̀. Mo lóṣòó sí etí òkun, eṣinṣin yí mi ká, ọfà kan sì ti ọ̀dọ̀ mi lọ bá oúnjẹ laplap tó wà nínú àwo. Wọ́n wá fi àgbélébùú pupa gàgàrà bò mí látorí dé ẹsẹ̀. Leisongi, mo sunkún. Mo ní àṣé ìjọ ti rí gbogbo làálàá mi látìgbà tí mo ti di alàgbà! Kalorib aládùúgbò wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ó kàn ń fọwọ́ lásán ni, ìwọ̀ ẹja aláwọ̀ ewé kan ni wọ́n sì yà sí i lára. Mo bá a kẹ́dùn, mo ní ẹja pípa náà ní èrè tirẹ̀.

Mo lẹ ọ̀kan mọ́ ara ilé wa, mo lẹ òmíràn sẹ́nu ọ̀nà ilé ìpàdé tí a ti ń mu kava. Àwọn àlejò tó wá ṣe ìgbéyàwó ní àwọn fẹ́ rí mi bí mo ṣe wà nínú àwòrán, ni mo bá lọ lóṣòó sí etí òkun fún wọn. Àwọn ará ìjọ rí i, àwọn náà fẹ́ gba àgbélébùú, bó ṣe di pé lẹ́yìn ìsìn, ìdajì ìjọ ti tò sétí òkun nìyẹn, wọ́n lóṣòó.

Nọ́ọ̀sì sáré dé, ó ń mí hẹlẹ. Ó ní Bàbá Leisongi, ẹ gbà mí o, kí lẹ fi àwọn èèyàn ṣe yìí? Ó ní àgbélébùú kọ́ nìyẹn, pé ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ ló ń sọ, ìwọ̀ ẹja ti Kalorib ló ń sọ pé ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ìgbẹ́ mi ni eṣinṣin ń gbé lọ sórí oúnjẹ, òun ló sì ń fa ìgbẹ́ gbuuru fáwọn ọmọ wa. Kalorib ní kí n má bínú, pé ẹja pípa ṣì wà.

Ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ Kalorib wà lórí ibùsùn nílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ìgbẹ́ gbuuru ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Mo lọ kí i. Ó nàka sí àwòrán mi lára ògiri, ó ní bàbá onígbẹ̀ẹ́ rèé. Mo délé, mo gbé ṣọ́bìrì, mo gbẹ́ ṣáláńgá, n kò dúró títí mo fi kan ilẹ̀ líle. Ọmọ náà ti ń sáré kiri báyìí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Nesa tún padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí ó ń bi oníkálukú ní ohun tó rí nínú àwòrán kó tó parí rẹ̀. Ó yà mí sínú ṣáláńgá mi, ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín.

Wàhálà tó wá kù ni pé gbogbo àlejò tó bá rí àwòrán náà ló máa ń wá ṣílẹ̀kùn wò bóyá mo wà níbẹ̀. Bí mo bá wà níbẹ̀, wọ́n á kí mi, wọ́n á bi mí léèrè ìdílé. Ìyá rẹ ní ẹnikẹ́ni kò ya òun o, síbẹ̀ wọ́n ti kí òun náà.

Jọ̀wọ́, fi owó vatu díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra irin tí wọ́n fi ń tilẹ̀kùn látinú. Bó bá ṣẹ́ kù, a ó fi ra ọṣẹ.

Ọlọ́run yóò ṣí gbogbo ilẹ̀kùn fún ọ, àfi èyí tó bá yẹ kó wà ní títì.

Èmi ni bàbá rẹ,
Kaltapu