Ẹnu Mi Ló Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Rẹ

Dzigbordi ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń rí akple jẹ, àbí búrẹ́dì lásán lo fi ń tan ikùn? Ilẹ̀ Accra kò ní gbóná mọ́ ọ lẹ́sẹ̀ láṣẹ Olúwa. Àlùbọ́sà wa ṣe dáadáa lọ́dún yìí, àmọ́ èmi nìkan ni mò ń fà á tu, èmi nìkan ni mò ń jẹun, síbẹ̀ mo ṣì máa ń ro akple ẹni méjì.

Oṣù mẹ́ta rèé tí mi ò gbóhùn rẹ. Bí mo bá ti pè ọ́, obìnrin kan ló máa ń gbé e, á sọ Gẹ̀ẹ́sì, á sì gé e. Inú kọ́kọ́ ń bí mi sí i, àmọ́ ní báyìí mo ń kí i láràárọ̀, mo sì ń sọ fún un bí mo ṣe sùn, torí òun nìkan ló ń dá mi lóhùn.

Kafui ọ̀rẹ́ rẹ ló sọ fún mi pé wọ́n ti lé ọ lẹ́nu iṣẹ́ nílé ìwòsàn yín ní Accra, pé o tú àṣírí Efo Ahiable tó ń kan ọkọ̀ ojú omi lẹ́yìn ilé wa. Ṣebí èmi ni mo tú u! Ọjọ́ tí mo gbé àlùbọ́sà wá bá ọ níbi iṣẹ́, ojú ara mi ni mo fi rí i lórí bẹ́ǹṣì, tí wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìwọ ò sọ nǹkan kan fún mi nípa rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi ni mo dìde nínú ìjọ, mo ní kí gbogbo wa gbàdúrà fún un níbi tó wà nílé ìwòsàn, ni ìyàwó rẹ̀ bá fò dìde pé ilé ìwòsàn wo, ṣebí Tema lọkọ òun lọ ra pákó! Àṣé ìwọ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni wọ́n máa fura sí.

Mo wọkọ̀ wá sílé ìwòsàn yín. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó béèrè pé kí ló ń ṣe mí. Mo kọ ọ́ pé, ẹnu mi. Ni wọ́n bá mú mi lọ bá oníṣègùn eyín, ó la ẹnu mi, ó ń tanná wò ó. Mo ní dókítà, kì í ṣe eyín, ohun tó jáde láàárín wọn ni. Ó rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ nígbà tí mo rojọ́ tán, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Òun ló mú mi lọ bá ọ̀gá yín obìnrin.

Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ aláìsàn kì í jáde nílé ìwòsàn. Mo ní ẹ ṣeun mà, ẹ bá mi sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì tó ń pariwo orúkọ àti àìsàn gbogbo wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wá ní ẹ̀ẹ̀mẹta làwọn bi ọ́ léèrè ẹni tó sọ ọ́, o kàn ń wolẹ̀ ni. Dzigbordi, o mọ̀ pé èmi ni. Kí ló dé tí o ò dárúkọ mi?

Mo kúnlẹ̀ fún Efo Ahiable. Ó ní òun máa bá mi lọ jẹ́rìí. Ọ̀gá ò ṣèlérí o, àmọ́ ó ní kí o wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́.

Kafui ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́, má fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, fi wọkọ̀ wálé, ìbáà ṣe pé wọ́n gbà ọ́ padà tàbí wọn ò gbà ọ́. Ọlọ́run tó fún ọ ní ẹnu tó lè pa mí mọ́ báyìí, kó jọ̀ọ́ fún ọ lóhùn láti pè mí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Abla Kporku