Kókó Méjì Tí Ẹ Ta Sí Màrìwò Èbúté

Bàbá mi, ẹni tí mo fẹ́ràn jù,

"A rí màrìwò lára òpó èbúté. Olóògbé ni ó so ó síbẹ̀ láti pàṣẹ kí wọ́n dáná sun oko lọ́jọ́ náà. Òun ni ó fa iná tó jó erékùṣù. A kò sì ní ka orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tí ìjàm̀bá náà pa."

Bí ìgbìmọ̀ ìjọba ṣe kọ ọ́ nìyẹn, lórí ìwé tí wọ́n lù lóǹtẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Lẹ́yìn náà mo ká a, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ń sọ? Ẹ̀yin tí ẹ kì í sùn àfi tí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ kan eérú ààrò, tí Màmá á sì máa bi yín bóyá ibà ń ṣe ààrò?

Mo lọ sí èbúté pẹ̀lú ayàwòrán. Màrìwò náà ṣì wà níbẹ̀. Etí rẹ̀ nìkan ni iná lá. Kókó méjì ló wà lára rẹ̀. Ọwọ́ yín ni, Bàbá. Bí ẹ ṣe so àpótí mi nìyẹn lọ́jọ́ tí mo ń lọ sí politẹ́kíníìkì, tó fi jẹ́ pé ọ̀bẹ ni mo fi gé okùn rẹ̀. Gbogbo ọmọ erékùṣù ló mọ̀ pé màrìwò tó tú sílẹ̀ ni àmì pé kí a sun oko; èyí tí a ta ní kókó ń sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣáná nínú ọyẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe ìjọba tó ń ṣán igbó kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n sun pàǹtí lọ́sàn-án gangan.

Sàlámì tó ń tukọ̀ rí èéfín àkọ́kọ́ ní àgọ́ wọn. Ó ti tẹ̀ka sí ẹ̀rí rẹ̀. "Bàbá yín gbé ọmọ mẹ́ta sínú ọkọ̀ mi," ló wí. "Mo ní kí àwọn náà wọ ọkọ̀. Wọ́n ní, 'Ìyá arúgbó tí kò ríran ńkọ́?' Ni wọ́n bá padà."

Ọkọ̀ panápaná dé láti Ìjẹ̀bú-Òde ní ìrọ̀lẹ́. Òdìkejì omi ló dúró sí, ó ń wo èéfín. Kò sẹ́ni tó rántí mú ọkọ̀ ojú omi wá. Kúbùsù ìjọba dé lọ́jọ́ kẹta.

Mo gbé màrìwò náà lọ bá akọ̀wé ìgbìmọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Màdáàmù, màrìwò ni màrìwò."

"Ó dáa, sà. Ẹ bá mi tú kókó yìí."

Ó fà á títí òógùn fi bò ó. Mo gbà á padà, mo sì fi ìwé mi àti àwòrán sórí tábìlì rẹ̀.

Bàbá, ẹ ní kí n wá nígbà Kérésì, mo ní iṣẹ́ há mi lọ́wọ́. Sàlámì ní ẹ ti bu gàrí pamọ́ dè mí. Ṣé ẹ bínú sí mi?

Ohun kan ṣoṣo ni mo béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ nínú ìwé mi: kí wọ́n kọ orúkọ yín sínú ìwé àwọn tó kú, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ kú níbi tí ẹ ti ń gba ẹlòmíràn là. Agogo méjì ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni mo dá fún wọn láti fèsì.

Èmi ni, ọmọ yín tí kò mọ kókó yín tú títí dòní.